Funfun Ni Tàbí Pupa? Ọ̀rọ̀ Ọ̀dà Yàrá Ìyá Àgbà

Àwọn tó ń ta ọ̀dà ní Adó-Èkìtì mọ irú oníbàárà kan dáadáa. Ènìyàn méjì ni wọ́n sábà máa ń jẹ́, tọkọtaya tàbí ọmọ ìyá, tí wọ́n jọ dúró ti ìwé pélébé tí a tẹ oríṣiríṣi àwọ̀ sí. Ìka ẹnì kan wà lórí funfun, ìka ẹnì kejì wà lórí àwọ̀ kan tó ṣú, kò sì sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ gbé ọwọ́ kúrò nínú wọn. Ọlọ́jà kì í dá sí i. Ohun tí òun mọ̀, tí àwọn méjèèjì kò tíì rò dé, ni pé àwọ̀ tó wà lórí ìwé náà kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ, bẹ́ẹ̀ ògiri mẹ́rin ni wọn yóò lọ fi kùn. Funfun tó tutù lójú lórí ìwé lè máa tàn yanran sójú ẹni nínú yàrá. Pupa tó rẹwà lórí ìwé lè sọ yàrá di inú ihò.

Nínú ilé tiwa, ọ̀rọ̀ náà kọjá ti ẹwà. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí màmá mi, ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni wọ́n ń gbé láti ìgbà tí wọ́n ti wọ ilé ọkọ, ṣùgbọ́n ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́. Ohun kan tó dà bí ìkùukùu ti bo ẹyin ojú méjèèjì, àwọn dókítà sì ní kí ẹ̀jẹ̀ ríru wọn kọ́kọ́ wálẹ̀ ná kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ. Ìdí nìyẹn tí a fi kó wọn wá sọ́dọ̀ àwọn òbí mi ní Adó. Yàrá tí a fún wọn jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 ní gígùn, 12 ní ìbú, fèrèsé rẹ̀ kan ṣoṣo sì kọjú sí ìlà-oòrùn. Funfun ni ògiri rẹ̀, funfun ni ilẹ̀kùn, funfun ni férémù ilẹ̀kùn, táìsì ilẹ̀ náà kò sì jìnnà sí funfun. Gbogbo àlejò tó bá wọ ibẹ̀ ló máa ń ní ó mọ́ tónítóní.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Ìyá Àgbà fi iwájú orí gbá etí ilẹ̀kùn tí a ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Ojú ibẹ̀ wú, a fi omi dídì tẹ̀ ẹ́. Ní ọjọ́ kẹta, mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì táràrà lára ògiri. Wọ́n ti kọjá ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì ń lọ sí ìhà kọ́bọ́ọ̀dù. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ibo lẹ gbé ẹnu ọ̀nà sí?" ni wọ́n wí. Àwọn ọmọdé inú ilé rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ti rí àgbàlagbà tó ṣubú, tí egungun ìbàdí rẹ̀ sì ṣẹ́, kò ní lè bá wọn rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ìdílé pinnu pé a óò tún yàrá náà kùn, ni àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀. Màmá mi ní funfun náà ni yóò jẹ́, funfun tuntun báláú, nítorí pé ojú tí kò ríran dáadáa nílò ìmọ́lẹ̀, kò sì sí àwọ̀ tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà tó funfun. Àbúrò wọn ọkùnrin, tí àwa ọmọ ń pè ní Bọ̀dá Ìkẹ́rẹ́, kò gbà. Wọ́n ní yàrá tí Ìyá Àgbà ti ń sùn fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún jẹ́ pupa rúsúrúsú, àwọ̀ erùpẹ̀ ilẹ̀ wa gan-an, àti pé kò tọ́ kí a mú arúgbó kúrò nínú ilé rẹ̀ kí a tún wá fi í sínú ohun tó dà bíi wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn. "Ẹ jẹ́ kí ojú wọn rí ohun tó mọ̀." Èmi rí i pé ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu àwọn méjèèjì. Ọmọ kì í sì í dájọ́ láàrin àwọn òbí rẹ̀, nítorí náà mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ẹni tó ni yàrá.

Ìwé àwọ̀ ti kéré jù fún ojú wọn. Mo lọ tọrọ àjákù aṣọ lọ́wọ́ aránṣọ àdúgbò wa, oríṣiríṣi àwọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó àwo oúnjẹ. Mo jókòó tì wọ́n létí fèrèsé, mo ní kí wọ́n bá mi kó àwọn tó bá jọra sójú kan. Ìdì mẹ́ta péré ni wọ́n dì wọ́n sí. Wọ́n kó kírímù, àwọ̀ eérú tó fúyẹ́ àti àwọ̀ ojú ọ̀run tó ṣá mọ́ funfun. Wọ́n kó àwọ̀ ọsàn, àwọ̀ ìyeyè àti àwọ̀ amọ̀ mọ́ pupa. Àwọ̀ aró, àwọ̀ ewé tó ṣú àti àwọ̀ ṣokoléètì lọ sọ́dọ̀ dúdú. Wọn kò bi mí léèrè ohunkóhun, wọn kò sì ṣe iyè méjì.

Ẹni tó bá kẹ́kọ̀ọ́ nípa èdè Yorùbá mọ ìpín yìí. Funfun, pupa àti dúdú ni orúkọ àwọ̀ mẹ́ta tó jẹ́ gbòǹgbò lọ́dọ̀ wa. Àwọn yòókù, àfiwé ni a fi ń pè wọ́n: àwọ̀ ewé, àwọ̀ ojú ọ̀run, àwọ̀ eérú. Ní ọdún 1969, ọ̀mọ̀wé méjì ará Amẹ́ríkà, Brent Berlin àti Paul Kay, tẹ ìwé kan jáde lórí orúkọ àwọ̀ nínú èdè púpọ̀ lágbàáyé. Wọ́n ní èdè tó bá ní orúkọ méjì péré, ti ohun tó mọ́lẹ̀ àti ti ohun tó ṣókùnkùn ni yóò jẹ́, èyí tí yóò sì ṣe ìkẹta wọn ni pupa. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ ọ́ bí ẹni pé òṣì ni kí orúkọ àwọ̀ mọ níwọ̀n. N kò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ibi tí èdè wa ná ọrọ̀ rẹ̀ sí: pupa fòò, pupa yòò, pupa rúsúrúsú, funfun báláú, funfun kinniwin, dúdú mìnìjọ̀. Bí àwọ̀ ṣe le tó, bó ṣe ń dán, bó ṣe ń lu ojú, ni a ní ọ̀rọ̀ fún. Ohun tí ojú Ìyá Àgbà sì lè rí mọ nìyẹn: èyí mọ́lẹ̀, èyí ṣókùnkùn, èyí wà láàrin.

Kí ọ̀dà inú agolo tó dé, inú ilẹ̀ àti inú igbó ni àwọn ìyá wa ti ń rí àwọ̀. Ẹfun ń fún wọn ní funfun, osùn ń fún wọn ní pupa, èédú àti aró ń fún wọn ní dúdú. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn obìnrin ló ń ya ọnà sára ògiri ojúbọ Òrìṣà Ìkirè. Moyọ̀ Òkédìjí, ayàwòrán tó ti ṣe olùkọ́ ní yunifásítì Ifẹ̀, wà lára àwọn tó kọ̀wé nípa iṣẹ́ irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ àti nípa àwọ̀ lójú Yorùbá. Àwọn tó mọ ọ̀rọ̀ náà a máa sọ pé funfun jẹ́ àwọ̀ tútù, pupa jẹ́ àwọ̀ gbígbóná, dúdú sì wà láàrin wọn. Bí màmá mi bá gbọ́ ìyẹn, wọn yóò ní, "Ẹ ò rí i? Ta ni yóò sùn nínú ohun gbígbóná?"

Ṣùgbọ́n Ìkẹ́rẹ́ tí Bọ̀dá ń tọ́ka sí ní ẹ̀rí tirẹ̀. Láàrin ọdún 1910 sí 1914 ni Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà tí a bí ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà. Ilẹ̀kùn kan nínú wọn dé ibi àfihàn ńlá tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley ní 1924, British Museum sì ló wà di òní. Òpó tó ní ère ọba lórí ìtẹ́ wà ní Art Institute ní Chicago, igi àti àwọ̀ ni wọ́n sì kọ síbẹ̀ pé a fi ṣe é. Ohun tó máa ń wù mí jù nínú iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ ni bí ère inú ilẹ̀kùn náà ṣe yọ síta. Wọn kò lẹ̀ pẹ̀tẹ̀ mọ́ pákó. Orí wọn fò síwájú, òjìji sì dúró lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fojú inú wò ó: ènìyàn ń bọ̀ láti inú oòrùn àgbàlá, ó bọ́ sí abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ṣókùnkùn, òjìji yẹn ni yóò sì kọ́kọ́ fi han ojú rẹ̀ ibi tí igi parí sí àti ibi tí ère ti bẹ̀rẹ̀.

Pẹ̀lú èrò yìí lọ́kàn ni mo fi lọ wo yàrá Ìyá Àgbà ní Ìkẹ́rẹ́. Ògiri náà pupa lóòótọ́, eruku àti èéfín sì ti fi kún un títí ó fi ń lọ sí dúdú. Ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ pákó tí ẹnì kan ti fi ọ̀dà funfun kùn nígbà kan rí. Tí a bá sì ṣí i, ìmọ́lẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ á wọlé, ẹnu ọ̀nà á wá di ohun funfun gbọọrọ kan láàrin ògiri tó ṣú. Mo di ojú mi méjèèjì díẹ̀ títí ohun gbogbo fi ṣe bàìbàì, mo ṣì ń rí i. Mo wá mọ ìdí tí Ìyá Àgbà kò fi ṣi ọ̀nà rí nínú yàrá yẹn, bí ojú wọn tilẹ̀ ti bàjẹ́ kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀. Bọ̀dá gba ògiri pupa yẹn ṣùgbọ́n wọn kò gba ilẹ̀kùn funfun rò, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì ló jọ ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ màmá mi náà ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Bí ọjọ́ orí ti ń gòkè, bẹ́ẹ̀ ni inú ẹyin ojú ń pọ́n díẹ̀díẹ̀, tí ojú rẹ̀ sì ń ki. Àwọn onímọ̀ ní ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ẹ̀yìn ojú ẹni 60 ọdún tó nǹkan bí ìdá kan nínú ìdá mẹ́ta èyí tó ń dé ti ọmọ 20 ọdún. Nítorí náà, yàrá tó ṣú kì í ṣe ọ̀rẹ́ àgbà. Àmọ́ ìkùukùu inú ojú tún ní ìṣòro mìíràn: ó máa ń tú ìmọ́lẹ̀ ká. Ẹ rántí bí gíláàsì iwájú ọkọ̀ ṣe máa ń rí ní àkókò ọyẹ́, nígbà tí eruku ti bò ó tí oòrùn sì wá kọjú sí awakọ̀. Ìmọ́lẹ̀ pọ̀ lóòótọ́, ìmọ́lẹ̀ náà gan-an ni kò sì jẹ́ kí ó ríran. Ògiri funfun tó ń dán níwájú fèrèsé máa ń ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀ báyìí.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó ń ṣe ìlànà fún ilé tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀ ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń wọn ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n máa ń fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní òǹkà gẹ́gẹ́ bí ìmọ́lẹ̀ tó ń dá padà ṣe pọ̀ tó, láti òdo fún dúdú pátápátá títí dé 100 fún funfun pátápátá. Ìmọ̀ràn wọn ni pé kí ìyàtọ̀ àárín ilẹ̀kùn àti ògiri tó 30 ó kéré tán, kí ẹni tí ojú rẹ̀ kò dára lè mọ ibi tí ilẹ̀kùn wà. Ní yàrá wa ní Adó, ìyàtọ̀ yẹn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí rárá. Ẹ kò nílò ẹ̀rọ láti mọ̀ bóyá tiyín tó. Ẹ ya fọ́tò yàrá náà pẹ̀lú fóònù yín, kí ẹ sọ fọ́tò náà di aláìláwọ̀, bíi fọ́tò ayé àtijọ́. Bí ilẹ̀kùn bá pòórá mọ́ ògiri nínú fọ́tò náà, ó ń pòórá mọ́ ọn lójú àgbà náà.

Kí ẹnikẹ́ni tó ra gálọ́ọ̀nù kan, mo bẹ̀ wọ́n kí a dán àwọn àwọ̀ náà wò. Mo gba páálí ńlá méjì tí wọ́n fi di tẹlifíṣọ̀n, akunlé wa sì fi funfun kun ọ̀kan, ó fi pupa rúsúrúsú kun èkejì, lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé ọ̀dà tí a kùn lẹ́ẹ̀kan kì í sọ òtítọ́. A gbé wọn ti ògiri tó kọjú sí fèrèsé. Ní aago méje òwúrọ̀, oòrùn wọlé tààrà, Ìyá Àgbà sì fi ọwọ́ ṣíji bojú nígbà tí wọ́n kọjú sí funfun. Pupa wá rí bí iná ìdáná, ó rẹwà gan-an, mo sì rí i tí Bọ̀dá ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ní ọ̀sán, funfun gba iyì rẹ̀ padà. Ní alẹ́, iná ọba kò sí. Àtùpà alágbára oòrùn ni a tàn. Pupa ti di dúdú pátápátá, igun yàrá tí a gbé e sí sì dà bí ibi tí kò ní òpin. Màmá mi kò sọ ohunkóhun. Wọ́n kàn wo àbúrò wọn.

Bí a ṣe parí ọ̀rọ̀ nìyí. Ògiri di àwọ̀ ọ̀gì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sẹ́, èyí tí Ìyá Àgbà yóò kà kún funfun ṣùgbọ́n tí kò le lójú, a sì ra irú ọ̀dà olómi tí kì í dán. Ilẹ̀kùn, férémù rẹ̀ àti ibi ìdìmú fèrèsé di pupa rúsúrúsú. Mo ní kí akunlé kun etí ilẹ̀kùn náà, ibi tó nípọn bí ìka méjì tí àwọn akunlé kì í kà sí, nítorí pé etí yẹn gan-an ló gbá wọn níwájú orí. A tún fa pupa kan náà yí ìdí ògiri ká, kò ga ju orúnkún lọ, kí ojú lè mọ ibi tí táìsì parí sí tí ògiri sì ti bẹ̀rẹ̀. A kùn ún yí ṣuìṣì iná ká pẹ̀lú. Màmá mi ní ó dà bíi kíláàsì ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọn kò parọ́, ọ̀pọ̀ ilé ìwé àti ilé ìwòsàn wa ló ti ń kun ìsàlẹ̀ ògiri ní àwọ̀ tó ṣú láti ọjọ́ pípẹ́, nítorí ìdọ̀tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Fún àgbà tí ojú rẹ̀ ti di bàìbàì, ó ń ṣe iṣẹ́ mìíràn.

Ní ti iye ọ̀dà, lítà kan ọ̀dà olómi máa ń kun nǹkan bíi mítà 10 sí 12 níbùú lóròó lẹ́ẹ̀kan. Ògiri yàrá wa, tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 10, kò ju mítà 40 níbùú lóròó lọ lẹ́yìn tí a yọ ilẹ̀kùn àti fèrèsé kúrò. Gálọ́ọ̀nù oní-lítà 4 méjì tó o fún ìkùn ẹ̀ẹ̀mejì, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tà yín ní garawa oní-lítà 20. Ẹ sì rántí pé láti inú funfun bọ́ sínú àwọ̀ tó ṣú rọrùn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ padà sí funfun lè kùn ún ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí pupa tó dẹ́kun yíyọjú. Bí ẹ kò bá dá a lójú, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara èyí tó mọ́lẹ̀. Ògiri tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi símẹ́ńtì rẹ́ nílò bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí ó gbẹ kí a tó kùn ún.

Òjé inú ọ̀dà kì í ṣe ohun à ń fi ṣeré, pàápàá ní ilé tí ọmọ kékeré bá wà. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí a mọ̀ pé kò léwu fún ara, ìdiwọ̀n tí àgbáyé sì fọwọ́ sí fún ọ̀dà kò gbọdọ̀ ju ìdá 90 nínú mílíọ̀nù kan lọ. Ẹ wo ara agolo dáadáa kí ẹ tó sanwó. Bí ọ̀dà àtijọ́ bá ń ṣí lára ògiri yín, ẹ má fi sáńdípépà gbígbẹ ha á. Ẹ fi omi rin ín kí eruku rẹ̀ má baà fò. Ọ̀dà olóròóró tí a fi kun ilẹ̀kùn tiwa ń rùn, nítorí náà Ìyá Àgbà sun pálọ̀ fún òru mẹ́ta, wọ́n sì fi ìkanra bá gbogbo wa sọ̀rọ̀.

Ní alẹ́ tí wọ́n padà sínú yàrá, wọ́n dìde lójú oorun, wọ́n fi ọwọ́ kan férémù pupa náà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì jáde. Màmá mi ń ṣọ́ wọn láti inú òkùnkùn pálọ̀, wọn kò jẹ́ kí wọ́n mọ̀. Ilé ìwẹ̀ ló kù báyìí. Funfun ni táìsì rẹ̀ láti ilẹ̀ dé òkè, funfun ni ìjókòó ṣáláńgá inú rẹ̀, omi sì máa ń wà nílẹ̀ níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Bọ̀dá Ìkẹ́rẹ́ ti ní àwọn yóò ra ìjókòó aláwọ̀ aró wá láti ọjà, màmá mi sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wò wọ́n.